Láńtà Inú Yàrá Onírin

Iṣẹ́ Bàbá Kò-Yege ni kó máa wọn ariwo tí etí kò lè gbọ́. Gbogbo ohun tó ń lo iná ló ń pa irú ariwo bẹ́ẹ̀. Bí ti ọ̀kan bá pọ̀ jù, á da rédíò aládùúgbò rú, á sì kó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn sí wàhálà. Yàrá onírin kan tí ariwo ìta kò lè wọ̀ ló ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹrù á wà nínú yàrá, òun á wà níta nídìí kọ̀ǹpútà, á máa wo ìlà tó ń fò sókè sódò. Bí ìlà náà bá ti kọjá ìlà pupa pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: "Kò yege." Ogún ọdún ló ti ń kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sínú káàdì tó fi kí ọmọ rẹ̀ kú oríire ìgbéyàwó.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, obìnrin kan gbé ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru wá. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é. Ilé ìwòsàn kan ti ní àwọn á gbà á, bí ìwé ẹ̀rí bá dé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, àwọn á gba ti ẹlòmíì. Lọ́jọ́ Ajé, kò yege. Obìnrin náà lọ fi irin bo inú rẹ̀. Lọ́jọ́rú, kò yege. Ó pààrọ̀ gbogbo wáyà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìlà náà tún dìde níbi tó ti máa ń dìde.

"Àbúrò," Kò-Yege ti mú bírò, "iṣẹ́ yìí kì í ṣe fún gbogbo èèyàn." Ó fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gan-an.

Ojú obìnrin náà ti pọ́n. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Gbogbo àtúnṣe tí mo ṣe yìí, ìlà yẹn ò sún rárá. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ṣé kò yẹ kó yí padà ni? Ẹ jẹ́ n gbé e jáde, kẹ́ ẹ wọn yàrá lófìfo."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra, torí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: KÍ Ẹ TÓ WỌN ẸRÙ ẸNIKẸ́NI, Ẹ WỌN YÀRÁ LÓFÌFO. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ ló kọ ọ́ fún. Ẹni tó ti ń wọ yàrá kan fún ogún ọdún, kí ló tún fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Ó gbà, kí ojú lè ti obìnrin náà.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìlà náà dìde gbọnrangandan.

Kò-Yege ní fóònù obìnrin náà ni. Fóònù ọ̀hún wà nínú àpótí ẹnu ọ̀nà, òun náà ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ wáyà wò, ó yẹ tábìlì wò, ó kúnlẹ̀ tòun tikùn, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́; ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀. Ti Kò-Yege yàtọ̀: ìsàlẹ̀ ló ń wò, òkè ni ẹjọ́ wà. Obìnrin náà ló na ìka sí i. Láńtà oníṣáájì ni, tí Kò-Yege fi okùn so kọ́ nígbà tí gílóòbù yàrá jó lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ̀bá títì ló ti rà á. Kò sí òǹtẹ̀ àyẹ̀wò kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí áyọ́ọ̀nù tí kò lóǹtẹ̀.

Wọ́n pa láńtà, wọ́n gbé ẹ̀rọ ọmọ padà, ìlà sì rọra sùn sílẹ̀. Kò-Yege kọ "Ó yege". Kò kọ ọ́ rí kí ojú tì í tó báyìí. Obìnrin náà dúpẹ́ bí ẹni pé kò ṣẹ òun rárá, ó sáré lọ.

Ó wá mú fọ́ọ̀mù mìíràn, ó kọ "láńtà, kò yege," ó sì fọwọ́ sí ibi tí ẹni tó gbé ẹrù wá máa ń fọwọ́ sí. Ó rò pé ó tán. Ló bá ṣí ìwé iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí láńtà ti wà lókè, ẹnì kan tún wà tó dá padà: bàbá arúgbó tó ṣe aago ẹnu ọ̀nà tó ń tanná fún adití. Ó pè é lórí fóònù.

"Ẹ gbé aago yín padà wá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Mo ti tú u palẹ̀," bàbá arúgbó ní. "Ẹ ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe fún gbogbo èèyàn."

Kò-Yege gbé bírò sílẹ̀. "Èmi gan-an ni kì í ṣe fún, bàbá." Ó ro ẹjọ́ láńtà fún un látòkè délẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. "Mo máa wá bá yín tò ó padà lọ́la."

"Ẹ máa bọ̀," bàbá arúgbó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ fi láńtà yín sílé."