Àbúrò Mi àti Òfin Káàdì

Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi bá òfin kan jà ní ilé ìwòsàn wọn: dókítà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn tí kò bá tíì gba káàdì. Ìgbéga méjì ló bá ìjà náà lọ. Wọ́n tún lé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Alátùn-únṣe, ẹ kú ọṣẹ o!"

Ọ̀gá tuntun dé, ó sì fagi lé òfin náà. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni ò dá a dúró, àmọ́ ó gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì lọ tò síwájú fèrèsé káàdì. Àbúrò mi rí i, ó figbe ta.

"Ẹ gbé ìyàwó yín wọlé! Ṣé káàdì ló ń ṣẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ó ku ẹni méjì kó kàn mí."

Nígbà tí wọ́n fi gbé obìnrin náà wọlé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ní báyìí, kí àbúrò mi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀, iwájú fèrèsé yẹn ló ń dúró sí, tó ń lé àwọn èèyàn kúrò lórí ìlà.