Rufus Ògúnníyì àti Àwọn Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ ní Alágbàká

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì mọ́ Rufus Ògúnníyì ní Alágbàká, àdúgbò àwọn ènìyàn ńlá ní Àkúrẹ́, ó dúró sínú oòrùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀. Máìgádì ní, "Màdámù ní àwọn ò sí nílé, sà." Bẹ́ẹ̀ a sì ń gbọ́ ohùn màdámù nínú ọgbà.

"Sọ fún wọn pé mo gbọ́ ohùn wọn," ni Rufus wí. "Sọ fún wọn pé n kò wá bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú."

Ọmọ Odòjọ̀mù ní Oǹdó ni Rufus. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ìwé girama kan ní Àkúrẹ́ kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Ìwé náà dùn débi pé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní kó máa wá ka ìtàn ní àràárọ̀ Sátidé. Kò pẹ́ tí kò sí ọlọ́kadà tí kò mọ ohùn rẹ̀. Àwọn ìyàwó ènìyàn ńlá Alágbàká náà gbọ́ ọ, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn mú un wá.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Kì í ṣe obìnrin ló bá lọ síbẹ̀. Ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì ń tẹ́tí sí wọn, èyí tí ọkọ wọn kì í ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n á pè é wá jẹun ọ̀sán, wọ́n á fi í sáàárín, kálukú á máa sọ tinú rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Yéwándé, aya akọ̀wé àgbà ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Jesse ni gbogbo wa ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Jesse sọ fún un pé Goodness, tí ayé mọ̀ sí àbúrò òun, ọmọ òun ni. Òun ṣì wà nílé ìwé nígbà tí òun bí i, ni ìyá òun bá gbà á tọ́ bí ọmọ tirẹ̀. Ọkọ òun kò mọ̀. Goodness gan-an kò mọ̀.

Rufus kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tuntun. Ó yí orúkọ padà, ó mú ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ó fi bí obìnrin náà ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sílẹ̀, ó sì fi àpá ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kà á lórí rédíò, kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo Àkúrẹ́ ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Bí géètì Màmá Jesse ṣe tì nìyẹn. Ilé iṣẹ́ rédíò ní kó lọ sinmi ná. Ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi yẹ́ ẹ sí fọ́. Ọ̀gá rédíò wá pè é, ó ní kó tọrọ àforíjì, kó yọ orí ìtàn yẹn kúrò nínú ìwé, àwọn á gbà á padà.

"Kí ni wọ́n rò pé òǹkọ̀wé ń wá láàárín wọn?" ni Rufus bi í. "Ìrẹsì?"

Mo ní, "Rufus, ọ̀rẹ́ rẹ ni Màmá Jesse."

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ìdí tí mo fi kọ wọ́n bí akọni nìyẹn. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ló yẹ kí wọ́n ti géètì mọ́."

N kò gbà fún un nígbà náà, n kò sì tíì gbà.

Ó fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rufus sún tẹ̀ lé e, ó bá a ṣí ìwé orin.

Mo lọ kí i lọ́jọ́ tí Goodness dé. Ọmọbìnrin náà kò jókòó.

"Ẹ káàsán, sà. Inú mọ́tò tó ń lọ sí Oda ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo èrò ń gbọ́ yín. Nígbà tí ẹ dé ibi àpá ìgbọ̀nwọ́, mo wo ìgbọ̀nwọ́ mi." "Ẹnu ìyá mi ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. Ẹ gbà á mọ́ wọn lẹ́nu."

Rufus tí kò bẹ ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. "Ìwọ ni mo ṣẹ̀. Dárí jì mí."

"Ṣé ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú ìwé?"

Rufus ní, "Rárá."

"Ẹ má yọ ọ́. Ìyá mi ti ń pè mí lọ́mọ níwájú ọkọ wọn báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ má dé ọ̀dọ̀ wa mọ́ láéláé."

Kò mu omi tó fi lọ.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, ìtàn bàbá rẹ̀ gan-an ni Rufus ń kọ, àti ìyàwó tí bàbá náà kọ̀ sílẹ̀ ní Ìjù pẹ̀lú oyún nínú. Kọ́ládé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sáré wá bá a lóṣù tó kọjá. "Rufus! O fẹ́ tú àṣírí ilé wa fáráyé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo kọ ti Alágbàká, ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́ jù. Ẹ jókòó, kí n kà á fún yín."

Kọ́ládé kò jókòó. Rufus gbóhùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.