Bí Ẹgbẹ́ Ajíbẹ̀wò Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Aradagun

Oòrùn ti ràn dáadáa nígbà tí aránṣọ bi mí pé kí ló dé tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Aradagun, ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó ń fi ìkejì nu ojú bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, torí òun ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù níbi tí a ti ń mutí. Mo ní, "Ọtí àná kò tíì dá lójú rẹ." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má bá mi ṣeré. Ibo lo wà gan-an?" Bẹ́ẹ̀, iwájú rẹ̀ ni mo wà. Láti ìgbà tí mo ti jí lèmi náà ti ń rí gbogbo nǹkan bí ẹni tó wà nínú kùrukùru, tí mo sì ń tan ara mi pé oorun ni.

Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó pọ̀: aránṣọ yìí, káfíńtà kan, apẹja kan tó jẹ́ Ègùn, àti èmi tí mo ń tún rédíò àti fóònù ṣe. A kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan nígbà náà. A kàn máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé lábẹ́ àtíbàbà ìyá kan tó ń ta ògógóró, èyí tí apẹja ń pè ní sódabì. Ìyá náà ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Bí ó bá ṣí kẹ́ẹ̀gì tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu lójú wa kó tó bu fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó ti lọ síbi òkú ní Àjàṣẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a tajà. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni àbúrò yìí wà, kì í fẹnu kan ọtí. Ọjà sì ti tán nílẹ̀, ló bá ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Apẹja ní kó tọ́ ọ wò ná.

Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ má kó mi sí wàhálà. Mo ní ìsìn lọ́la."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ o! Ṣé nítorí ife ọtí kan la ó ṣe lé e kúrò lọ́run?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì mu ún. Lójú wa, a ń bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn ni. Aránṣọ ló mu jù.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé èmi àti aránṣọ dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì, káfíńtà àti apẹja ti wà níbẹ̀, wọ́n ń bì. Dókítà ní kẹ́míkà olóró kan ni ẹni tó ta kẹ́ẹ̀gì náà dà mọ́ ọtí kó lè pọ̀. Wọ́n fa omi sí wa lára. Aránṣọ kú kí ọjọ́ tó ṣú. Mi ò lè sunkún. Mo ranjú mọ́ fáànù òkè, ẹ̀rù ń bà mí láti ṣẹ́jú, kí n má baà la ojú tán kí n má rí i mọ́.

Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, dókítà kìlọ̀ pé ojú wa kò tíì bọ́ nínú ewu, ó ṣì lè yí padà láìròtẹ́lẹ̀, pé bí a bá kíyè sí ohunkóhun, ká sáré padà wá. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ka ìṣó orí òrùlé látàárọ̀ nìyẹn, títí ìyàwó mi fi ní kí n jẹ́ kí òrùlé sinmi. Apẹja ló wá rí ọgbọ́n dá. Bó bá ti ń bọ̀ látinú ọ̀sà láàárọ̀, yóò yà sílé mi, yóò na nǹkan sókè, yóò ní, "Kí lèyí?" Bí mo bá dáhùn tán, àwa méjèèjì á lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Káfíńtà kì í jẹ́ ká parí ìbéèrè. "Ẹja ni! Kí lo tún máa ń mú bọ̀, ìwọ Ègùn yìí?" A ó rẹ́rìn-ín, ọkàn wa á balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọ̀n apẹja ya, ọwọ́ òfo ló bá dé. Mo bọ́ bàtà mi, mo nà án sókè níwájú káfíńtà.

"Ẹja ni!"

Apẹja rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ ọn, mo tún nà án. "Wò ó dáadáa."

Káfíńtà jókòó sórí pákó tó fẹ́ rẹ́, ó ní, "Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan." Òórùn ara apẹja ló ti fi ń dá wa lóhùn. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé káfíńtà ò ríran, ó ní, ta ló máa gbéṣẹ́ fún òun? Àyà mi já ju ìgbà tí aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lọ. Ojoojúmọ́ la ti ń wá wò ó, ojoojúmọ́ la sì ń fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Apẹja bínú. "Ṣé o fẹ́ ká tún sin ẹlòmíràn ni?"

"Ojú kì í pani."

"Ta ló sọ fún ẹ? Dìde níbẹ̀!"

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ìgboro Èkó, a sì ń bá a padà lọ. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá wò láàárọ̀, àwa náà ń yà wọ́n wò, títí àwọn èèyàn fi ń pè wá ní Ajíbẹ̀wò. Lónìí, ẹgbẹ́ náà ti ní ààrẹ àti akọ̀wé. Àwọn tó ń wọlé tuntun rò pé fàájì la torí ẹ̀ dá a sílẹ̀, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Àmọ́ títí di ìsinsìnyí, bí mo bá jí, n kì í tètè la ojú. Mo máa ń bẹ̀rù ohun tí mo máa bá.

Ìgbà tí mo bá dùbúlẹ̀ báyẹn ni mo máa ń rántí ọjọ́ tí dókítà ojú yẹ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò tán. Ó ní ojú òsì káfíńtà ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀tún ti ń ríran díẹ̀ padà, kò sì ní burú ju báyìí lọ mọ́. Ó ní kí èmi àti apẹja náà fọkàn balẹ̀, ewu ti kọjá. A wọ ọkọ̀ padà sí Aradagun. Nígbà tí a kọjá Morogbo ni káfíńtà gbé ojú sí fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ohun tó ń rí sókè: ewúrẹ́, táyà, obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́, ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀. Àwọn èrò ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ẹnì kan bi wá pé ṣé ara ọkùnrin yìí yá. Apẹja ní kí ó fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń lò.