Odi Tí Kò Sẹ́ni Tó Dìbò Takò

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òkìtì yìnyín ya wálẹ̀ láti orí òkè Skessa, ó sì pa Steinvör Ketilsdóttir, aṣòfin tó ń ṣojú wa. Láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń sọ fún ilé aṣòfin pé yìnyín máa ya láti orí òkè Skessa. Kò sí ẹni tó tún lè sọ báyìí pé obìnrin náà ò mọ ohun tó ń wí. Ní Ọjọ́ Ajé, abẹnugan ilé ka ìtàn ayé rẹ̀, gbogbo aṣòfin sì dìde dúró fún un. Wọ́n dúró dáadáa. Gbogbo wọn ló wá. Nígbà tó wà láàyè tó ń sọ̀rọ̀ nípa odi tó yẹ kí wọ́n mọ láti dá yìnyín náà dúró, àga wọn nìkan ló máa ń gbọ́ ọ.

Inú ilé ìdáná mi ni mo ti ń kọ èyí, ní ìlú Teistuvík lábẹ́ òkè náà, ní òpópónà ìsàlẹ̀. Apá kan yìnyín náà ló ya. Èyí tó kù ṣì wà lókè. Mo ń rí i láti ojú fèrèsé, ó sì dákẹ́ lọ́nà tí n kò fẹ́ràn. Ọ̀nà tó jáde kúrò ní ìlú ti dí. Bí ilẹ̀kùn ẹnì kan bá pa gbàà, gbogbo òpópónà ló ń sáré jáde pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Agbẹ̀bí ni Steinvör kó tó di aṣòfin. Òun ló gbẹ̀bí ìdajì ìlú yìí. Ìdajì yòókù ń dìbò fún un torí pé wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Kò ní ọ́fíìsì kankan níbí. Inú kòtò omi gbígbóná, ní ibi ìwẹ̀ ìlú, la ti máa ń bá a ṣèpàdé, omi dé ọrùn, yìnyín lórí fìlà. Ibẹ̀ ni Hallmundur, darandaran tó ń gbé ní òpópónà òkè, ti máa ń bá a fa ọ̀rọ̀.

"Steinvör, odi wa dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó."

"Ibẹ̀ náà ló wà lọ́dún tó kọjá. Ṣé ó ti gbé ìyàwó síbẹ̀ ni?"

"Tó o bá fẹ́ kí n ru òkúta ẹ̀ wá fúnra mi, sọ ọ́ síta."

"Má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Lọ dúró sórí òkè yẹn kó o máa pariwo. Ẹnu ẹ nìkan tó odi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àbá òfin ṣe ń kú lọ́dọ̀ wa. Ilé ń ṣí nígbà tí ewé bá ń wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ ka àbá. Èyí tí wọn kò bá kà tán kí ilé tó lọ fún ìsinmi ìgbà ooru, ó kú nìyẹn. Ẹni tó ni ín á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún ni Steinvör ń gbé ti odi wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń tì í sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò bá kàn án, oòrùn ti yọ, yìnyín ti yọ́, òkè Skessa ti di ewéko tútù, àwọn ọmọ àgùntàn sì ń fò kiri lára rẹ̀. Nígbà náà ni mínísítà á gbé àwòrán òkè náà sókè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọlọ́lá Steinvör, èyí tó rẹwà báyìí?" Ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ta ló ń bẹ̀rù yìnyín nígbà tí ọmọ àgùntàn ń fò? Ta ló pa àbá náà? Ẹ wá orúkọ rẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i. Kò sẹ́ni tó dìbò takò ó rí. Wọn kò dìbò rárá. Lọ́jọ́ tí Steinvör di ẹni tó pẹ́ jù nínú ilé, wọ́n ṣe àkàrà òyìnbó fún un. Àkàrà náà ga. Ó ga ju odi wa lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti àríwá, ọ́fíìsì tó yẹ kó kó wa kúrò níbi ewu sì sọ lórí rédíò pé àwọn ṣì ń ṣàkíyèsí òkè náà. Steinvör kan ilẹ̀kùn mi.

"Wọ bàtà ẹ."

"Steinvör, rédíò ní ká ṣì dúró."

"Rédíò ò gbé abẹ́ òkè. Wọ bàtà, kó o kó àwọn arúgbó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń lọ mú Hallmundur."

Ilé Hallmundur ni wọ́n ti gbẹ́ òkú Steinvör jáde lábẹ́ yìnyín. Hallmundur kò sí nínú ilé náà. Ó wà ní ilé àgùntàn rẹ̀ lẹ́bàá omi, níbi tí yìnyín kò dé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kò sì gbójú sókè.

"Ó ń pè mí. Mo gbọ́. Mo ní kó máa pè ná, kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. A máa ń ṣeré bẹ́ẹ̀ ni. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì tíì pe orúkọ mi tán."

Mo ní kó mu kọfí. Kò mu ún.

Mínísítà gbé òdòdó wá nínú bàálù kékeré. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa akíkanjú obìnrin, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára òkè. Kí kọfí tí a bù fún un tó tutù, mo gbọ́ tó ń bi awakọ̀ bàálù rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé ibí yìí ò léwu báyìí?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù yẹn. Òun ni ìbò àkọ́kọ́ tó dì lórí ọ̀rọ̀ odi náà.

Ó kù kó dì í lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ gbé àbá Steinvör wá sórí tábìlì lọ́sẹ̀ yìí, kí òkè tó tún di ewéko. Kí abẹnugan pe orúkọ yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan mínísítà, kí kálukú sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ "mo gbà" tàbí "n kò gbà", ká lè mọ ẹni tí a óò bi léèrè ikú rẹ̀, àti tiwa tó bá dé. Gbogbo Teistuvík á máa fetí sílẹ̀. A fẹ́ gbọ́ ohùn yín kí a tó gbọ́ ti òkè.