Láádá Mùsíyé

Wọ́n ń fi Jáfẹ́ẹ̀lì, omi apakòkòrò, fọ ilẹ̀ ọsibítù láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú, ló bá gbé mi padà sí yàrá Ìyá àgbà ní Adidogomé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru dá a dùbúlẹ̀.

Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣàdúà kíkankíkan. Màámi wà láàárín wọn, ó fi ìbòrí bojú. Mo rò pé ẹkún ló ń sun.

Àfi bí Mùsíyé, bí a ṣe ń pe tíṣà ará Atakpamé tó ń gbé yàrá kejì, ṣe gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi Jáfẹ́ẹ̀lì la àárín wọn kọjá. Mùsíyé tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí Ọlọ́run! Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè wo páànù, mo ń retí kó já lé e lórí.

Ó kúnlẹ̀, ó ń fọ ìdí fún Ìyá àgbà bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá, ó kù díẹ̀."

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi," ló ń pè é.

Mo sáré tẹ̀lé e dé ìdí pọ́ǹpù. "Mùsíyé, ta ni yóò fún yín ní láádá?"

Ó yà á lẹ́nu. "Láádá kẹ̀? Ṣebí ó dọ̀tí ni."

Nígbà tí mo padà, Màámi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ìbòrí ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé imú ló ń fi ìbòrí dí.