Ìkúnlẹ̀ Ìbídùnní Níwájú Ará Inṣọ́ránsì

Ọmọ ìlú Ọ̀sì ni Ìbídùnní, ọkọ ló gbé e dé Ìlọ́fà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sinmi. Ní nǹkan bí ọdún 1983, ilé kan tí ìjọ dá sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun náà ló ń gbé wọn látorí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́.

Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wúwo tó Bàbá Ilésanmí. Ẹsẹ̀ bàbá ò ṣiṣẹ́ mọ́ látìgbà tó ti já bọ́ látorí ọ̀pẹ, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó bámú ni Ìbídùnní bá gbé e, bàbá sì tún ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìbàdí obìnrin náà dún kọ́. Látọjọ́ náà, orí ẹní ló wà.

Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, owó oṣù tirẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ọ̀gá ilé ní kó má bẹ̀rù. Ó ní àwọn ti ra inṣọ́ránsì fún gbogbo òṣìṣẹ́: bí iṣẹ́ bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, inṣọ́ránsì á máa san owó oṣù rẹ̀ títí ara á fi yá. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá láti Ìlọrin, kó wò ó bóyá kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ẹni náà ń bọ̀, wọ́n gbé Ìbídùnní jókòó sórí àga ní yàrá àlejò. Bàbá Ilésanmí ní kí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," bàbá ní, "má kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yìí o. Ẹni tí ìbàdí ń dùn kì í kúnlẹ̀. Orí àga yẹn ni kó o ti kí i."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Etí rẹ ló gbọ́. Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Òun náà gbọ́, sà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì ni Ìbídùnní ń retí. Ẹni tó wọlé, orí rẹ̀ ti funfun bí òwú. Japhet lorúkọ rẹ̀. Bí Ìbídùnní ṣe rí orí funfun báyìí, kó tó ronú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Bàbá Ilésanmí fọwọ́ bojú.

"Ìbàdí yìí mà le koko o, kò sóhun tó ṣe é," Ọ̀gbẹ́ni Japhet wí, ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó tó, ìyá ọmọ. Dìde."

Ìbídùnní gbìyànjú. Ìbàdí kọ̀. Ojú wá tì í láti sọ fún àlejò àgbà pé ìbàdí òun ti há.

"Ibí dára, sà."

"Wò ó, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú inṣọ́ránsì. Èmi kì í gbẹ̀bẹ̀."

"Mi ò bẹ̀ yín, sà."

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?"

"Mo ń kí yín ni, sà. Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́, ṣé òjò ò tíì bà á jẹ́?"

Ọkùnrin náà ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè ṣe aláìdáhùn. Òógùn ń ṣàn lójú Ìbídùnní, ó sì ti ń béèrè àwọn ọmọ-ọmọ.

"Ọ̀gbẹ́ni," Bàbá Ilésanmí já a gbà, "obìnrin yìí ò lè dìde. Ẹ gbà á kó tó kí gbogbo ìdílé yín tán."

Japhet bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Omijé àti ẹ̀rín ló bá níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ kó gbé e, Ìbídùnní figbe ta. Ó di kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ wá kí wọ́n tó rí i tẹ́ sórí ẹní.

Japhet fa ìlà pa ohun tó ti kọ. "Ohun tí mo fojú rí ni mò ń kọ," ó ní. "Ó lọ sílẹ̀, kò lè padà sókè."

Nígbà tóṣù parí, owó Ìbídùnní bá a lórí ẹní, kò dín kọ́bọ̀. Ọ̀gá ilé sì ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá gbé Bàbá Ilésanmí mọ́, ẹni méjì ni. Bàbá wá ń ṣe fáàrí lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ," á ní. "Inṣọ́ránsì ti mọ̀ mí."