Òùngbẹ Tó Gba Ata Màmá Àgbà Là

Ẹ fọwọ́ ra ewé ata láàárọ̀, kẹ́ ẹ wá gbóòórùn ẹ̀! Òórùn tútù yẹn ló máa ń gbé mi padà sẹ́yìn ilé wa ní Iyere, lọ́dún tí mo wà ní JSS2. Ẹ̀yin tá a jọ wọ bàtà kọtínà lọ síléèwé á mọ ìgbà tí mò ń sọ.

Màmá àgbà, tó bí màámi, ti kú lásìkò ọyẹ́. Ata ẹ̀ gígùn, tó ká lẹ́nu bí ìwọ̀, tó ń ta sánsán láti ìdí ààrò dé títì, eku ti jẹ gbogbo irúgbìn ẹ̀ lórí àjà, ó ku odindi ata gbígbẹ kan ṣoṣo. Irúgbìn inú ẹ̀ ni màámi gbìn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Inú mi dùn nígbà tó hù! Àfi bí màámi ṣe ní kí n má bomi rin ín mọ́, nígbà tó ku díẹ̀ ká ṣí i lọ gbìn sóko. Ó tún ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí ẹ̀. Lọ́sàn-án, gbogbo ewé dorí kodò. Àyà mi já. Tí eléyìí bá kú, ata màmá àgbà tán nìyẹn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bu díẹ̀ sí i."

"Fi í lẹ̀. Oko tó ń lọ, ta ló máa bá a pọnmi?"

Ìyá Bọ́sẹ̀, ará ilé kejì, ń bomi rin ata tiẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó fi wá rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Fúnkẹ́, ata tìẹ ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ó ń gbààwẹ̀. Tó bá ṣínu, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wá tọrọ."

Ẹ wo màámi! Tó bá dìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo àwọn ata náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàárẹ̀. Èyí tó bá gbórí sókè fúnra ẹ̀, á fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá lè gbé e, á wọ́n omi táṣẹ́rẹ́ sídìí ẹ̀.

A ṣí wọn lọ sóko, òjò bá kọ̀, kò rọ̀. Ata Ìyá Bọ́sẹ̀, lóko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, funfun létí ewé, ó gbẹ. Tiwa á sùn lọ́sàn-án, á jí nírọ̀lẹ́, títí òjò fi dé. Mo pariwo, mo fò, mo ṣubú sórí ebè! Ìyá Bọ́sẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá Fúnkẹ́, ó ti ṣínu o. Má gbàgbé mi níbi irúgbìn."

Nígbà tó yá, tíṣà ágíríìkì wa ṣàlàyé ẹ̀ ní kíláàsì. Ó ní tí oòrùn bá pọ̀ tí omi ò sí, oró kan máa ń dìde nínú ewé, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Ṣùgbọ́n tí òùngbẹ bá kọ́kọ́ bá gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò á rán ohun tí wọ́n ń pè ní họ́mónù sí ewé, bí ẹni ránṣẹ́ sílé pé ogun ń bọ̀: ewé á pa ẹnu ẹ̀ dé kómi inú ẹ̀ má bàa jáde, á sì pèsè ohun tó ń pa oró yẹn sílẹ̀. Mo dìde fùú: "Sà, màámi ń ṣe é!"

"Fúnkẹ́, jókòó, mi ò tíì parí!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bí inú mi ṣe dùn tó, ta ló ráyè ìtìjú?

Ata yẹn ṣì wà o! Ó wà lẹ́yìn ilé tèmi báyìí. Àlàyé tíṣà, mo lè sọ ọ́ fún yín látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ewé bá ti dorí kodò lọ́sàn-án pẹ́nrẹ́n, àyà mi á já bíi ti ọmọ JSS2 yẹn, mo ti bu omi kí n tó mọ̀. Mo ti ń tó màámi ìgbà yẹn lọ́jọ́ orí. Ọwọ́ tó lè dúró dìrọ̀lẹ́ yẹn, mi ò tíì ní in.